Ta ni yóò jíhìn: ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ tàbí ilé-iṣẹ́ tó gbé e?

Bí ẹnì kan bá fi íntánẹ́ẹ̀tì ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́, ṣé ilé-iṣẹ́ tó ta íntánẹ́ẹ̀tì fún un ni ká mú? Òfin 2017-20 ti ilẹ̀ Benin (Code du numérique, ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018) ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ẹni tó kàn gbé ọ̀rọ̀ kọjá dà bí zémìjàn: kò mọ ohun tó wà nínú àpò èrò. Ẹni tó fún ọ̀rọ̀ níbùgbé dà bí onílé: bí a bá sọ fún un pé olè wà ní yàrá rẹ̀, tó sì dákẹ́, ó pín nínú ẹ̀bi.

Mo gbà pé ó tọ́. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé ọ̀rọ̀ kan burú? Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, òfin yìí kan náà ni wọ́n fi rán akọ̀ròyìn Ignace Sossou lọ sẹ́wọ̀n oṣù 18. Ní ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù. Bí ohùn àwọn adájọ́ kò bá ṣọ̀kan, báwo ni òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ṣe fẹ́ dá a? Ìbẹ̀rù ni yóò mú un pa ọ̀rọ̀ aláìṣẹ̀ rẹ́ mọ́ ti ẹlẹ́ṣẹ̀. Ní tèmi, àṣẹ adájọ́ ni kí onílé máa dúró dè, kì í ṣe igbe ẹni tí inú ń bí.