Ẹ̀rí Ìran Nínú Ìwé Ẹgbẹ́ DAR

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyàwó ọmọ rẹ̀, aláwọ̀ dúdú ọmọ ibẹ̀, fẹ́ wọ ẹgbẹ́ Daughters of the American Revolution, tí wọ́n ń pè ní DAR. Ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ìtàn ìdílé tí ìyá àgbà sọ fún un ò tó ni?" Kò tó o.

Ọdún 1890 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Washington. Obìnrin tó bá ti pé ọmọ ọdún 18 lè wọ̀ ọ́, bó bá fi hàn pé àrọ́mọdọ́mọ ẹni tó jagun òmìnira Amẹ́ríkà, tàbí tó ràn án lọ́wọ́, ni òun.

Ibi tí Yorùbá ti lè ṣì í kà rèé. Lọ́dọ̀ wa, àbúrò bàbá mi, bàbá mi ni. Nínú fọ́ọ̀mù yìí, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bí ọ, ẹni tó bí ẹni tó bí ọ, ìlà kan ṣoṣo ni títí dé ọ̀dọ̀ jagunjagun náà. Ìran kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú tirẹ̀, pẹ̀lú ìwé tó jẹ́rìí sí i.

Ìlà náà lè gba ọ̀dọ̀ ìyá kọjá. Ibẹ̀ gan-an ni okùn ti ń já, torí obìnrin a máa gba orúkọ ọkọ. Ìwé ìgbéyàwó ni kókó tó so orúkọ méjèèjì pọ̀.

Ẹgbẹ́ náà tẹ ìwé ìran àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jáde, apá 166. Ẹ lò ó bí atọ́nà, ẹ má lò ó bí ẹ̀rí. Ohun tí wọ́n gbà láyé ọjọ́un, wọ́n lè má gbà á mọ́ lónìí.

Ti ọmọ ẹrú ló wá le jù. Nínú ètò ìkànìyàn 1850 àti 1860, ọjọ́ orí ẹrú àti akọ-n-bábo ni wọ́n sábà kọ sábẹ́ orúkọ olówó rẹ̀, wọn ò kọ orúkọ ẹrú fúnra rẹ̀. Ìgbà tó di 1870 ni orúkọ wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn. Abájọ tó fi di 1977 kí Karen Batchelor, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí a mọ̀, tó wọlé. Kì í ṣe ìwé nìkan ló fa ìyẹn ṣá: ní 1939, ẹgbẹ́ yìí kan náà kọ̀ kí Marian Anderson kọrin ní gbọ̀ngàn wọn. Ní 2008, wọ́n tẹ ìwé kan tó kó orúkọ aláwọ̀ dúdú àti Íńdíà Amẹ́ríkà tó lé ní 6,600 jọ, àwọn tó kópa nínú ogun náà. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká má rẹ́rìn-ín wọn. "Ìyá Táíwò" ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá ìyá mi. Ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ ni mo tó gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ bi àgbà ilé yín léèrè, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí.