Bí A Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Mẹ́mórì Kọ̀ǹpútà Ń Gbà Lọ

Jẹ́ kí a sọ pé ayálégbé mẹ́wàá wà nínú ilé kan ní Abúlé Adó, táǹkì omi kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ń pọn. Bí omi bá tán lójijì, olúkúlùkù a máa fura sí ẹnìkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ka korobá tí gbogbo wọn pọn, tí kò sì tó omi tí ó lọ, ọ̀dọ̀ onílé ni ó yẹ kí a wò, bóyá páìpù rẹ̀ ni ó ń jò.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú kọ̀ǹpútà. Mẹ́mórì, àyè tí ẹ̀rọ náà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, ni táǹkì. Àwọn ètò tí a fi ń kọ̀wé tàbí tí a fi ń gbọ́ orin ni ayálégbé. Kernel, tí í ṣe ọkàn ètò tí ń darí ẹ̀rọ, ni onílé: òun ni ó ń pín mẹ́mórì, òun náà sì ń lò nínú rẹ̀.

Linux, tí Linus Torvalds gbé jáde ní ọdún 1991, ni kernel tí ó wà nínú àwọn fóònù Android. Irin-iṣẹ́ pọ̀ tí a fi ń ṣọ́ mẹ́mórì rẹ̀. Free ń sọ iye tí a ti lò àti iye tí ó kù. Top ń fi ohun tí ètò kọ̀ọ̀kan gbà hàn. Slabtop ń fi ohun tí kernel kó pamọ́ fún ara rẹ̀ hàn, ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Láti ọdún 2009 ni kmemleak sì ti wà, tí ń wá mẹ́mórì tí kernel gbà tí ó sì gbàgbé láti dá padà.

Kì í ṣe gbogbo lílò ni ó burú. Kernel a máa fi mẹ́mórì tí kò níṣẹ́ tọ́jú fáìlì, a sì yọ̀ǹda rẹ̀ nígbà tí ètò mìíràn bá nílò rẹ̀. Èyí tí ń pọ̀ sí i láti wákàtí dé wákàtí, tí kì í sì í dínkù, ni kí a fura sí.

Nítorí bí mẹ́mórì bá tán pátápátá, kernel a mú ètò kan, a sì pa á, kí ẹ̀rọ má bàa dúró. Ó lè jẹ́ aláìṣẹ̀ ni yóò jìyà: àròkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì fi pamọ́ a sì parẹ́. Ríra mẹ́mórì kún un kò lè wo àìsàn náà sàn. Omi tí a bù sínú táǹkì tí ń jò ni. Igi gogoro má gùn mí lójú, láti òkèèrè ni a ti í wò ó.