Ọ̀nà Dí, Ìlú Kò Tú: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọ̀nà Funfun Inú Ọpọlọ



Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, ọ̀kan nínú wa dìde, ó sọ ohun tí ó mú kí gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n pè é láti ilé pé bàbá rẹ̀ jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣeé gbé mọ́, ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan nínú ẹbí ní ayé ni ó gba ohùn lẹ́nu bàbá. Àwọn mìíràn ní iyè rẹ̀ ti rá. Wọn kò kí i mọ́ ní àárọ̀, wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ lé e lórí bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ohun tí ọ̀rẹ́ wa béèrè kò ju ẹyọ kan lọ: ǹjẹ́ bàbá òun ṣì mọ òun?

A ti wádìí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé àti lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí ó wà láàárín wa. Èsì tí a rí ni a kọ síhìn-ín, nítorí kò sí ẹni nínú wa tí kò fi àgbàlagbà sílẹ̀ nílé.

Ìlú àti Ọ̀nà

Ẹni tí ó bá ti fi ọ̀bẹ la ọpọlọ ẹran sí méjì rí yóò mọ̀ pé àwọ̀ méjì ni ó ní. Èyí tí ó wà lẹ́yìn dà bí eérú. Èyí tí ó wà nínú funfun bí ẹ̀kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ènìyàn rí. Ẹ jẹ́ kí a pe apá tí ó dà bí eérú ní ìlú, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń lọ: ìlú kan wà fún ìríran, òmíràn fún ìgbọ́ràn, òmíràn fún gbígbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Apá funfun ni ọ̀nà tí ó so àwọn ìlú náà pọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ọpọlọ.

Ọ̀rá ni ó sọ ọ́ di funfun. Ọ̀rá yìí yí àwọn okùn tín-ínrín inú ọpọlọ ká bí rọ́bà ti í bo wáyà iná. Iṣẹ́ tí a rán lára okùn tí kò ní ọ̀rá kì í yára ju ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Lára okùn ńlá tí ọ̀rá bò dáadáa, ó lè rin 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 2003, àwọn onímọ̀ ní Denmark ṣe ìṣirò pé bí a bá so gbogbo okùn funfun inú ọpọlọ ọkùnrin ẹni 20 ọdún pọ̀, yóò gùn tó 176,000 kìlómítà. Ó lè yí ayé ká ju ìgbà mẹ́rin lọ. Bí ènìyàn bá fi máa di ẹni 80 ọdún, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ti lọ.

Ọ̀nà Ọwọ́ àti Ẹsẹ̀

Láti òkè ọpọlọ ni àṣẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ọ̀nà náà fẹ̀ lókè, ṣùgbọ́n bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni ó ń há, títí gbogbo okùn yóò fi gba ibi tóóró kan kọjá, bí èrò ọjà tí ń gba ẹnu ibodè. Ní ìdí ọpọlọ, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn ré kọjá sí òdì kejì. Ìdí nìyí tí apá òsì ọpọlọ fi ń darí ọwọ́ ọ̀tún.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó ń bọ́ ibi tóóró yìí kéré púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú a máa bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dí tàbí kí ó bẹ́. Ibi tí ó bàjẹ́ lè má ju hóró ẹ̀wà kan lọ, síbẹ̀ odindi ẹ̀gbẹ́ kan ara yóò rọ. Ẹ̀yin ará, kí a tó wá ọ̀tá kiri, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ọ̀nà Ọ̀rọ̀

Ní 1861, ní Paris, ọkùnrin kan wà tí kò lè sọ ju "tan" lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n tí ó ń gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí a bá bá a sọ. Nígbà tí ó kú, dókítà Paul Broca rí i pé iwájú ọpọlọ rẹ̀ ní apá òsì ni ó bàjẹ́. Ní 1874, Carl Wernicke, ará Jámánì, fi hàn pé ibòmíràn wà lẹ́yìn, ní itòsí etí, tí ó jẹ́ ti òye ọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀nà gbọ́dọ̀ wà láàárín méjèèjì. Ọ̀nà kan tí ó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Láti àwọn ọdún 1990, ẹ̀rọ MRI ti ń jẹ́ kí àwọn onímọ̀ tọpa irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nínú alààyè láìfi ọ̀bẹ kàn án.

Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, apá òsì ni àwọn ìlú ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹ wá rí i bí ọwọ́ ọ̀tún bàbá àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe lọ pọ̀ ní ọjọ́ kan náà.

Ẹ̀rí mìíràn wà pé ènìyàn lè mọ nǹkan kí ó má lè sọ ọ́. Afárá kan tí ó ní nǹkan bí 200 mílíọ̀nù okùn so apá òsì àti apá ọ̀tún ọpọlọ pọ̀. Roger Sperry, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981, yẹ àwọn tí wọ́n ti gé afárá yìí fún nítorí wárápá wò. Bí a bá fi nǹkan sí ọwọ́ òsì wọn láìjẹ́ kí wọ́n rí i, wọn kò lè dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì náà yóò ṣà á jáde láàárín ọ̀pọ̀ nǹkan.

Kí Ni Kí A Ṣe?

Òótọ́ ni pé bí ìlú òye ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ lè má yé aláìsàn dáadáa. Ṣùgbọ́n àìlèsọ̀rọ̀ kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe àìmọ ọmọ ẹni. Ẹ kí wọn bí ẹ ti ń kí wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ bá wọn sọ Yorùbá, díẹ̀díẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ tí ó dá tọ́ka sí ilẹ̀kùn, kí ẹ sì wò ó.

Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan rọ, tí ọ̀rọ̀ sì lọ́, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé aláìsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Oògùn wà tí ó lè tú ẹ̀jẹ̀ dídì tí ó dí iṣan, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ àkọ́kọ́ ni a máa ń lò ó. Iṣẹ́ ọpọlọ kì í sì í ṣe àjèjì sí wa: Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku, ọmọ Awẹ́, tí òun náà kàwé ní Amẹ́ríkà bíi tiwa, padà sí UCH Ìbàdàn ní 1962, ó sì dá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Láti 1973 ni àwọn onímọ̀ ní Boston ti ń fi orin kọ́ irú àwọn aláìsàn yìí ní ọ̀rọ̀, nítorí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ a máa lè kọrin nígbà mìíràn. Ní 2009 wọ́n yẹ aláìsàn mẹ́fà wò lẹ́yìn irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí i pé ọ̀nà tí ó tẹ̀ bí ọrun ní apá ọ̀tún, tí a kò kà sí tẹ́lẹ̀, ti nípọn sí i.

A sọ èyí fún ọ̀rẹ́ wa. Ó pe ilé, ó ní kí wọ́n gbé tẹlifóònù sí etí bàbá, ó sì dá orin ṣọ́ọ̀ṣì tí bàbá fẹ́ràn jù. Bàbá gbè é. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni ó já gaara nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti tún ń kí bàbá ní àárọ̀.