Ẹ́ńjìnnì Ńlá Nìkan Kọ́ Ló Ń Gbéni Dé Ọ̀nà Jíjìn

Ní Òde-Ayé, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ọlọ́kadà kì í ra máṣíìnì nítorí eré. Ẹ wo ẹni tó fẹ́ rà á lọ́jọ́ tó bá dé ṣọ́ọ̀bù l'Ókìtìpupa. Kó tó béèrè iye rẹ̀, yóò ti fọwọ́ tẹ ìjókòó rẹ̀, yóò ti fojú wọ̀n ọ́n bóyá èrò méjì àti àpò gààrí kan á gbà á. Lẹ́yìn náà ni yóò gùn ún, yóò dìde díẹ̀, yóò tún fi gbogbo ara jókòó gbì, kó lè mọ bí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ṣe máa gbé e. Bajaj Boxer 150 tó kún ìgboro wa, agbára rẹ̀ kò ju ti ẹṣin 12 lọ. Síbẹ̀ òun ló ń kó ìdì ẹyìn láti oko dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo, òun náà ló ń gbé aláboyún dé ọsibítù nígbà tí ẹrẹ̀ bá dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀.

Àmọ́ ọmọ Òde-Ayé kan náà, tó bá rí owó ṣe l'Ékòó tàbí lókè òkun, tó ní òun fẹ́ ra alùpùpù tí òun á máa fi rin ìrìn-àjò, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé: "Ẹ̀gbọ́n, èwo ló lágbára jù?" Ó ti gbàgbé gbogbo ohun tí ọlọ́kadà ilé mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lọ́jà. Honda gbé Gold Wing jáde lọ́dún 1975 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 999 cc. Lónìí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti di 1,833, písítìn mẹ́fà ló ní, agbára rẹ̀ sì tó nǹkan bí ti ẹṣin 125, ìyẹn Boxer mẹ́wàá. Ìwọ̀n rẹ̀ ń lọ sí kílò 380, bíi Boxer mẹ́ta. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn ní ìfẹ̀yìntì. Ó wúwo débi pé wọ́n fi jíà ìpadàsẹ́yìn sí i, torí ẹni kan kò lè fi ẹsẹ̀ tì í padà bó ṣe wù ú. Ní òdìkejì ni Suzuki Hayabusa wà, tó jáde lọ́dún 1999, tó lè sá nǹkan bí 300 kìlómítà ní wákàtí kan. Ta ló fẹ́ sá a lójú títì Ṣàgámù sí Bìní, níbi tí kòtò ti ń dúró deni?

Ohun tó ń pa arìnrìn-àjò lórí alùpùpù kì í ṣe àìtó eré. Ìyà tó ń jẹ ara rẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi fara balẹ̀ níbí, torí pé àwọn tó ń ta máṣíìnì kì í sọ ọ́.

Ẹ mú atẹ́gùn. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìtì atẹ́gùn á di ìlọ́po mẹ́rin. Ní 50 kìlómítà ní wákàtí kan, atẹ́gùn ń fẹ́ni lára, ó ń tuni lára ni. Ní 100, ó ti ń ti àyà sẹ́yìn, ọwọ́ á di irin ìdarí mú gírígírí, èjìká á le, ọrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í dunni kí wákàtí kan tó pé. Gíláàsì iwájú ló ń gba ìyà yìí fúnni, bó bá bá gíga ẹni mu. Bí kò bá bá a mu, orí gíláàsì náà ni atẹ́gùn á gbà wá gbá akoto, ariwo rẹ̀ á sì máa dún wáúwáú létí títí dé ibi tí à ń lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gun alùpùpù lọ ọ̀nà jíjìn fi máa ń fi nǹkan dí etí.

Ìgbọ̀n náà ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì onípísítìn kan máa ń gbọ̀n bó bá ń sáré, ìgbọ̀n yẹn á sì gba irin ìdarí wọlé. Wákàtí méjì péré, ìka á ti kú. Àwọn BMW ti mọ èyí láti 1923 tí wọ́n ṣe alùpùpù R 32: písítìn méjì tó kọjú síra, èyí ń jáde, èkejì náà ń jáde, ìgbọ̀n ọ̀kan sì ń pa ti èkejì. (Boxer ni wọ́n ń pe irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò bá Bajaj wa tan rárá, písítìn kan ni tiwa.)

Ìjókòó ló ń tan èèyàn jẹ jù. Èyí tó rọ̀ bíi tìmùtìmù máa ń dùn ní ṣọ́ọ̀bù. Tó bá di wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà, fóòmù rẹ̀ á ti rì, egungun ìdí á ti kan pákó. Èyí tó le díẹ̀, tó sì fẹ̀, ni ìdí ń fara dà títí di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìtura àwọn aláwọ̀ funfun tàn yín. Ọ̀pọ̀ alùpùpù ìrìn-àjò ló ní iná tó ń mú ìdìmú irin ìdarí gbóná, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń mú ìjókòó gbóná. Ní Jámánì, ohun rere ni. L'Ókìtìpupa, ní ọ̀sán oṣù Èrèlé, ta ni yóò tan án? Ooru ẹ́ńjìnnì tó ń fẹ́ sí itan nìkan ti tó wa.

Ṣé agbára kò wúlò ni? Ó wúlò. Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà tẹ̀ lé tírélà rí mọ̀ ọ́n. Tírélà ń lọ ní 80, ẹ fẹ́ yà á kọjá, Boxer yín sì ti fẹ́ẹ̀ lo gbogbo agbára rẹ̀ tán níbẹ̀. Kò sóhun tó ṣẹ́ kù tí ẹ lè fi jáde kíá kí ọkọ̀ iwájú tó dé. Ẹ́ńjìnnì 500 ní àṣẹ́kù. Torí pé kì í lo gbogbo okun rẹ̀, kì í pariwo, kì í sì í gbọ̀n púpọ̀. Títí dé ibí yìí, agbára fúnra rẹ̀ jẹ́ ara ìtura. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, ìtura ló ń jẹ: ìwúwo, ooru, epo tánkì tó ń tètè tán.

Lọ́dún 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó nítorí ìgbógunti àrùn rọpárọsẹ̀ tí ẹgbẹ́ Rotary ń ṣe. Ó gbéra ní ọjọ́ 19 oṣù Igbe, ó wọ Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí, ọjọ́ 41. Ìrìn náà tó nǹkan bí kìlómítà 12,000 sí 13,000, ó sì la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bíi 300 kìlómítà lójúmọ́. Ẹni tó ń sá 50 péré á rìn ín ní wákàtí mẹ́fà. Eré kọ́ ló ṣòro níbẹ̀. Kéèyàn tún lè jókòó sórí ìjókòó kan náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló ṣòro. Ted Simon, tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1973 láti yí ayé ká, tó sì gba ilẹ̀ Áfíríkà kọjá, Triumph 500 ló gùn fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sá eré Paris sí Dakar ní 1979, tó gba Niger àti Mali kọjá, Cyril Neveu lórí Yamaha XT500 onípísítìn kan ló gbégbá orókè, ó tilẹ̀ ṣíwájú àwọn onímọ́tò.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo ni mo fẹ́ kí ọmọ Ìkálẹ̀ rò jù. Bí kílò 380 bá ṣubú sínú ẹrẹ̀ pupa lọ́nà oko ní oṣù Agẹmọ, ẹ ó dúró títí èèyàn mẹ́ta yóò fi kọjá. BMW R 1250 GS tí wọ́n ń yìn pé ó mọ ọ̀nà burúkú rìn, 249 kílò ni, ìjókòó rẹ̀ sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 85; ẹni kúkúrú kò ní fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé Kòtonú tàbí Àkrà lẹ fẹ́ máa gùn ún dé láti Òde-Ayé, ẹ́ńjìnnì 400 sí 650 ti tó, tí mẹkáníìkì ìtòsí bá lè tún un ṣe. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jókòó lé e fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsọ̀kalẹ̀, kí ẹni tí yóò máa jókòó lẹ́yìn yín náà jókòó. Tí ẹni tó ń tà á bá kọ̀, ẹ gba ṣọ́ọ̀bù mìíràn lọ.