Nígbà Tí Owó Iná Bá Fò Sókè: Ohun Tí Ìdílé Lè Ṣe

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Òwe yìí ló sọ sí wa lọ́kàn ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí a ra iná ₦10,000 sí mítà ilé wa ní Agége gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Yúníìtì tí owó yẹn máa ń rà fún wa tẹ́lẹ̀ lé ní 130. Lọ́jọ́ náà, 41 péré ló jáde. A kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ ló ṣe àṣìṣe. A yẹ rìsíìtì náà wò, a tún un yẹ̀ wò. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Yúníìtì 41 náà kò lò ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún, bí mítà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké, bẹ́ẹ̀ ni asọ̀ bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé. Bàbá ilé ní àwọn ọmọ ni kì í pa tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọ ń kùn pé ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ nípa áyọ́ọ̀nù bàbá. Ìyá ilé, tí ó ń ta omi tútù àti mínírà níwájú ilé, kò sọ nǹkan kan. Ó mọ̀ pé orí fírísà òun ni ọ̀rọ̀ náà yóò padà bọ́ sí, inú fírísà yẹn sì ni owó ilé ìwé ọmọ méjì ti ń jáde.

A mọ̀ pé kì í ṣe ilé tiwa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ bá yín sọ ohun tí a rí kọ́.

KÍ LÓ ṢẸLẸ̀ GAN-AN?

Láti ọdún 2020 ni a ti pín àwọn tó ń lo iná sí ọ̀wọ́ márùn-ún. Àwọn Band A ni ó yẹ kí wọ́n rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́. Band B, wákàtí 16. Band C, 12. Band D, 8. Band E, 4. Kì í ṣe ọrọ̀ onílé ni a fi pín in. Wáyà ńlá tí ó gbé iná wá sí àdúgbò ni a wò. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Agége fi lè wà ní Band A, tí onílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní òdìkejì títì sì lè wà ní Band C.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kéde pé owó yúníìtì kan fún Band A yóò kúrò ní nǹkan bí ₦68, yóò di ₦225. Àwọn Band A kò ju nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú gbogbo àwọn tó ń ra iná. Wọn kò fi kún ti àwọn ìyókù nígbà náà, nítorí ìjọba ṣì ń bá wọn san lára rẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ìjọba ti ń bá àwa náà san án tẹ́lẹ̀. Owó tí a rò pé ó dúró sójú kan, ẹlòmíràn ló ń gbé apá kan rẹ̀ fún wa. Nígbà tí ó sọ ọ́ kalẹ̀, ọrùn wa ló bọ́ sí.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, Ikeja Electric dín in kù sí ₦206.80. Ní oṣù Keje ó tún gòkè sí ₦209.50. Owó orí ọjà, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, sì tún wà lórí rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC àti TUC fi ẹ̀hónú hàn ní ọ́fíìsì àwọn tó ń pín iná ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún, ṣùgbọ́n owó náà kò padà sí ti àtijọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó pẹ̀lú ti ṣe òfin iná tirẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbára lé iye tí ẹ gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò. Ẹ wo ara rìsíìtì tí ẹ gbà kẹ́yìn: iye tí ẹ san àti yúníìtì tí ẹ rí gbà wà níbẹ̀.

Ẹ tún fi ìwé kan sí ẹ̀gbẹ́ mítà, kí ẹ máa kọ wákàtí tí iná fi wà lójoojúmọ́ sínú rẹ̀. Ìlànà tí NERC gbé kalẹ̀ nígbà náà ni pé bí àwọn tó ń pín iná kò bá lè pèsè iye wákàtí tí wọ́n ṣèlérí fún Band A fún ọjọ́ méjì léraléra, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ní gbangba. Bí ó bá di ọjọ́ méje léraléra, kí wọ́n sọ àdúgbò náà kalẹ̀ sí ọ̀wọ́ tí iná tí ó ń rí bá mu. Ẹni tí ó ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń tà létí wọn.

A JÓKÒÓ, A ṢÍRÒ

Olúwa wa sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, nínú Lúùkù orí 14. Ó ní kí olúwarẹ̀ kọ́kọ́ jókòó, kí ó ṣírò owó rẹ̀. Àwa kò tíì ṣírò ohunkóhun rí. Ìjà ni a ti ń jà. Nígbà tí ó di ọjọ́ Sátidé, a pa ìjà tì, a gbé pẹ́ńsù àti ìwé, a sì pa gbogbo nǹkan inú ilé. A wá ń tan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń wo mítà.

Ohun tí yúníìtì kan jẹ́ kò le. Ohun èlò tí ń jẹ wáàtì 1,000, bí a bá lò ó fún wákàtí kan, yúníìtì kan ti lọ. Iye wáàtì wà lára ọ̀pọ̀ ohun èlò, lẹ́yìn tàbí nísàlẹ̀.

Fáànù tí ń jẹ wáàtì 60 lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí 16 kí yúníìtì kan tó tán. Áyọ́ọ̀nù a máa jẹ yúníìtì kan ní wákàtí kan tí ó bá ń gbóná. Ríìngì tí a ń kì bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì láti fi se omi ìwẹ̀ lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ewu gbígbé ni sì tún wà nídìí rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n tí a ti ń dá àwọn ọmọ lẹ́bi lé lórí kò jẹ ìdajì yúníìtì láti ìrọ̀lẹ́ títí di àkókò oorun. Áyọ́ọ̀nù tí bàbá ilé ń tàn láràárọ̀ fún ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo jù ú lọ. Bàbá ilé bẹ àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni a ń lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan pa pọ̀.

Gílóòbù wáàtì 60 márùn-ún, bí a bá tàn wọ́n fún wákàtí 6, yúníìtì 1.8 ni wọn yóò jẹ lójúmọ́. Gílóòbù LED oníwáàtì 9 márùn-ún kò ní jẹ tó 0.3. Yúníìtì 1.5 tí a ṣẹ́kù lójúmọ́, 45 ni lóṣù kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀ ní ₦209.50 pẹ̀lú owó orí rẹ̀, ó lé ní ₦10,000. Gílóòbù nìkan nìyẹn o.

Ó wá ku fírísà. Tòkunbọ̀ ni, ó sì ti gbó. A fi òun nìkan sílẹ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́ di aago mẹ́fà òwúrọ̀. Ó jẹ yúníìtì méjì. A ki bébà sí ẹnu ìdérí rẹ̀, a ti í pa, a fa bébà náà, ó sì yọ wọ́ọ́rọ́wọ́: rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti bàjẹ́, òtútù ń sá jáde. A pa rọ́bà náà dà, a yọ́ yìnyín tó ti dì mọ́ ara rẹ̀, a sún un kúrò lára ògiri kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè rí atẹ́gùn. Nígbà tí a tún un wò lóru mìíràn, ó jẹ díẹ̀ lé ní yúníìtì kan.

Síbẹ̀, ìyá ilé kọ èrè ọjà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ó sì rí i pé omi àti mínírà ṣì ń pé, ṣùgbọ́n yìnyín tí àwọn elẹ́ja ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ń jẹ iná ju owó tí ó ń mú wá lọ. Ó dùn ún láti fi àwọn oníbàárà ọlọ́jọ́ pípẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi wọ́n sílẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

ÌDÁNWÒ TÓ WÀ LẸ́NU MÍTÀ

Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ fún ara wa. Láàárín àkókò yẹn, ẹnìkan tí ó mọ iṣẹ́ wáyà wá bá wa pé òun lè fa iná gba ẹ̀yìn mítà kọjá, tí a kò ní sanwó mọ́. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe é, títí kan àwọn tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó yẹ kí a lé e jáde lójú ẹsẹ̀. A kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ méjì ni a fi rò ó. Ohun tí ó dá wa dúró ni pé a kò mọ bí a ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Òfin iná ọdún 2023 ka jíjí iná sí ẹ̀ṣẹ̀, wáyà tí a fà lọ́nà èrú sì ti dáná sun ilé. Ẹni tó ti ṣe é, kí ó tètè tún un ṣe.

ILÉ ONÍMÍTÀ KAN

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gbé ilé tí yàrá mẹ́jọ ń lo mítà kan. Níbẹ̀ ni ìjà máa ń pọ̀ sí jù. Bí a bá pín owó dọ́gbadọ́gba, opó tí ó ní gílóòbù kan àti fáànù kan ń bá ẹni tí ó ń fi iná dáná san owó rẹ̀. Èyí kò tọ́. Ẹ pe ìpàdé, kí yàrá kọ̀ọ̀kan kọ ohun èlò rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ pín owó bí ìlò bá ṣe rí. Bí agbára bá gbé e, kí ẹ fi mítà kékeré sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Iye tó wà lójú rẹ̀ kì í ṣe ojúsàájú.

KÍ Á PADÀ SÍ JẸNẸRÉTỌ̀?

Àwọn kan fi ìbínú padà sí jẹnẹrétọ̀. Ẹ ṣírò ná. Lítà bẹntiróòlù kan nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré máa ń mú nǹkan bí yúníìtì 1 sí 1.5 jáde. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà kan kúrò ní ìsàlẹ̀ ₦200. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ó ti súnmọ́ ₦1,000 ní Èkó. Nígbà náà, iná tí a ń pè ní ọ̀wọ́n ṣì dínwó ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá mọ bí ìnira yìí ti rí: ní 2008, Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà, ọ̀wọ́n iná àti epo sì wà lára ohun tó dá a lágara. Ẹni tí ó bá sì gbọ́dọ̀ tan jẹnẹrétọ̀, kí ó má ṣe gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ilé ìdáná láé. Èéfín rẹ̀ a máa pa ènìyàn lójú oorun, kò sì ní jẹ́ kí olúwarẹ̀ mọ̀.

Ní ilé tiwa lónìí, mítà náà ṣì ń ké, ṣùgbọ́n kì í bá wa lójijì mọ́. Ọmọ wa kejì ni ó ń ka á ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Owó tí a ń san ṣì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n a mọ ibi tí ó ń gbà lọ, a kò sì jà nítorí rẹ̀ mọ́. Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín, kí ó sì fi àlàáfíà sínú ilé yín.