Bozal: Ọ̀rọ̀ Èébú Tó Di Ohùn Òrìṣà

Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá mú ọmọ lọ síbi ìbọ òrìṣà ní Havana tàbí Matanzas ní Kúbà, ẹ tètè bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó wọlé. Bí òrìṣà bá gun elégùn, ọmọ Kúbà paraku náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè Sípéènì bí àlejò tó dé lánàá: á gé ọ̀rọ̀ kù, á da gírámà nù, á fi ọ̀rọ̀ Lùkùmí, èdè Yorùbá ti Kúbà, há a láàárín. Ọmọ tó ń kọ́ èdè Sípéènì nílé ìwé á fẹ́ rẹ́rìn-ín. Bozal ni wọ́n ń pe irú ìsọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Orírun ọ̀rọ̀ yìí burú. Ó tan mọ́ bucca, tí àwọn ará Róòmù fi ń pe ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹnu. Títí dòní, ní èdè Sípéènì, bozal ni ohun tí wọ́n fi ń di ajá lẹ́nu kó má baà buni jẹ. Wọ́n tún fi ń ṣàpèjúwe ẹṣin tí a kò tíì kọ́. Àwọn oníṣòwò ẹrú wá fi í pe ará Áfíríkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí kò gbọ́ èdè wọn. Ẹni tó ti gbọ́ ọ ni ladino; èyí tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni criollo. Òfin Sípéènì ti ka kíkó ẹrú wọlé láti Áfíríkà léèwọ̀ láti 1820, nítorí náà irọ́ ni wọ́n fi ń bo bozal mọ́lẹ̀, kó lè dà bíi pé ó ti pẹ́ ní Kúbà. Ní 1839, ladino ni wọ́n kọ sínú ìwé àwọn ará Mende inú ọkọ̀ òkun Amistad tó ń kó ẹrú, bẹ́ẹ̀ wọn kò gbọ́ èdè Sípéènì rárá.

Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, ọ̀pọ̀ ènìyàn wa dé Kúbà bíi bozal. Àwọn ló gbé òrìṣà sọdá òkun.

Kí ló dé tí òrìṣà fi wá gba ohùn ẹ̀gàn? Ẹ ronú nípa egúngún nílé: kì í fi ohùn tiwa sọ̀rọ̀, inú ọ̀fun lohùn rẹ̀ ti ń jáde, torí pé ará ọ̀run ni. Ohùn àgbà tó ti lọ ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé kì í ṣe ẹlẹ́gbẹ́ wa ló ń sọ̀rọ̀. Ní Kúbà, àgbà tó ti lọ ni bozal. Lójú tèmi, wọ́n gba èébú náà lọ́wọ́ olówó ẹrú, wọ́n sì sọ ọ́ di oyè. Ní Bùràsílì, ibi tí wọ́n ti ń pè é ní boçal, ọ̀dẹ̀ àti aláìlẹ́kọ̀ọ́ ló ṣì ń jẹ́. Ẹ má fi pe ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Tí òrìṣà bá kọjú sí yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ foríbalẹ̀. Moforibale ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Tí ọ̀rọ̀ kò bá yé e, kó bi àwọn àgbà ilé. Kó má ṣáà tún gírámà òrìṣà ṣe.