Ọba Gólóbà: Ọ̀gá Ọmọ-ogun Ojú Omi tí Orí Ilẹ̀ Sọ Di Olókìkí

Ẹni tí ó bá dúró ní Challenge lónìí, tí ó ń wo bí àwọn awakọ̀ ṣe ń pe èrò Èkó láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ń ṣú, yóò ṣòro fún un láti gbà pé ìgbà kan wà tí Ìbàdàn, Mesì Ọ̀gọ̀ nílé Olúyọ̀lé, ìlú tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ọba méje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé etí òkun bí Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀gbá kò bá ṣílẹ̀kùn fún un. Iyọ̀, aṣọ, ìbọn àti ẹ̀tù tí ó ń ti Èkó bọ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ wa láìgba ibodè ẹlòmíràn. Bí inú àwọn onílé ibodè bá sì bàjẹ́, ọjà tú nìyẹn. Inú ìjà ọ̀nà yìí ni òyìnbó kan tí ń jẹ́ John Hawley Glover ti di ẹni tí ará Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ojú omi ni wọ́n kọ́ ọ láti kékeré.

Kí a tó mọ bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe dé àárín wa, ó yẹ kí a rántí pé lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn ni ó ń ṣọ́ etí òkun wa. Ọ̀kan nínú wọn, Myrmidon, ni ó gba Àjàyí ọmọ Ọ̀ṣóògùn sílẹ̀ ní April 1822, ẹni tí ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Iṣẹ́ àánú ni, a kò gbọdọ̀ jiyàn rẹ̀; ṣùgbọ́n aṣọ́nà tí ó bá pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, yóò fẹ́ yọjú wo inú ilé. Ní December 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì rọ òjò ọta lé Èkó lórí, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Nígbà tí ó sì di 6 August 1861, ọkọ̀ Prometheus ti dúró sí omi Èkó pẹ̀lú àgbá rẹ̀ kí Ọba Dòsùnmú tó fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ ìlú baba rẹ̀ di ti Ọbabìnrin Victoria.

Ọmọ àlùfáà ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ni Glover. A bí i ní 1829, ó sì wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ogun ní 1841, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń gbé síléètì lọ sí ilé ìwé. Ní 1853, nínú ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ará Burma jà, ọta ìbọn wọlé lábẹ́ ojú rẹ̀, ó sì gba ẹ̀bá etí jáde. Ẹlòmíràn ì bá ti fẹ̀yìn tì. Òun tún padà sójú omi.

Odò Ọya ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1857 ó bá Dókítà Baikie wọ ọkọ̀ Dayspring, tí wọ́n fẹ́ fi wo bí òwò yóò ṣe lè gba odò náà lọ sókè. Crowther fúnra rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ kan náà. Ní 7 October ọdún náà, ọkọ̀ kọlu àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó sì fọ́. Ẹni tí odò ti dá dúró báyìí, ẹsẹ̀ ló kù fún un: Glover gba orí ilẹ̀, ó la ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Èkó láti lọ wá ẹrù àti oúnjẹ fún àwọn tí ó kù, ó sì tún padà. Ó wọ òkè lọ títí dé ìhà Bùsà níbi tí arìnrìn-àjò òyìnbó náà, Mungo Park, kú sí ní 1806, ó ya àwòrán odò náà sórí ìwé, ó sì rí ìwé ìṣirò kan tí ó ti jẹ́ ti Park. Lójú tèmi, ohun tí ó tóbi jù nínú ìrìn yìí kọ́ ni ìwé náà. Àwọn Haúsá kan tí wọ́n jẹ́ ẹrú nílẹ̀ Yorùbá ni wọ́n sá tọ̀ ọ́, tí wọ́n fi ara wọn sábẹ́ ààbò rẹ̀; láti ara irú wọn ni ó ti dá ẹgbẹ́ ọmọ-ogun sílẹ̀ nígbà tí wọ́n fi í ṣe olórí ìjọba Èkó ní 1863.

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Glover ń jókòó ti àwọn ìjòyè, ó ń gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó la ọ̀nà etí omi tí a mọ̀ sí Marina, títí orúkọ oyè fi mọ́ ọn lára. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, ó fi ọmọ-ogun àti ọta oníná tú wọn ká ní March 1865. Ìbàdàn yọ̀, Abẹ́òkúta kò gbàgbé. Ní October 1867, nínú rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé, wọ́n lé òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sì sá wá sí Èkó, ni Glover bá pín ilẹ̀ Ẹ̀búté Mẹ́ta fún wọn ní abala abala, pẹ̀lú òpópónà tí ó gún régé bí àwọn tí ará Bódìjà ń rìn lónìí.

Kí a má purọ́ mọ́ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú: kì í ṣe ìkà lásán ni ó mú wọn ti ọ̀nà. Owó ibodè ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ìlú wọn, ẹ̀tù tí ó bá sì gba ọwọ́ wọn kọjá lónìí, ó lè jẹ́ pé àwọn ni Ìbàdàn yóò fi yìnbọn fún lọ́la. Ogun Ìjàyè tí wọ́n bá Ìbàdàn jà kò tíì tutù nínú ọkàn wọn. Glover kò rí ti èyí rò. Nítorí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ó wá ọ̀nà mìíràn, ó ní kí wọ́n gba orí ọ̀sà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, kí wọ́n gba Oǹdó àti Ifẹ̀ jáde sí Ìbàdàn, kí ẹnikẹ́ni má tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ìlú tí ó wà lókè. Èrò tèmi ni pé ìfẹ́ rẹ̀ sí Ìbàdàn kì í ṣe àbòsí, ṣùgbọ́n òwò epo ni ó ń bọ́ ìfẹ́ náà, nítorí pé láìsí ọjà láti òkè, owó orí ẹrù tí Èkó ń jẹ kò ní tó ná.

Àwọn olówó ẹrú ní Ìbàdàn pàápàá kò fi gbogbo ara bá a yọ̀, nítorí pé ẹgbẹ́ Haúsá rẹ̀ ti di ibi ìsádi fún ẹrú gbogbo. Ẹni tí ó bá bá wọn kẹ́dùn, kí ó rántí pé ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀.

Ní 1872, Pope Hennessy, gómìnà tí ó ga jù ú lọ, dé láti Freetown, ó rí i pé ọwọ́ líle Glover ni ó ń ba òwò jẹ́, ó sì yọ ọ́ kúrò. Ọdún kan kò tíì pé dáadáa tí ogun Àṣáńtì fi bẹ́ sílẹ̀, tí ìjọba tún pè é. Ó kó àwọn Haúsá àti Yorùbá láti Èkó, ó gba ìhà odò Volta, wọ́n sì dé Kumasi ní February 1874, lẹ́yìn tí Wolseley, ọ̀gá ogun Gẹ̀ẹ́sì, ti jó ìlú náà tán. Lẹ́yìn èyí ó di gómìnà ní Newfoundland, ìlú òtútù níbi tí ìlú Glovertown ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ó sì kú ní London ní 1885. Èkó kọ́ gbọ̀ngàn Glover fún ìrántí rẹ̀, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ fi sinimá han ará Nàìjíríà ní August 1903.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Haúsá tí Glover dá sílẹ̀ wà lára àwọn tí ó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọn ní May 1892, tí ọ̀nà fi ṣí tipátipá. Ní ọdún kejì, nígbà tí Gómìnà Carter dé Ìbàdàn, àwọn ìjòyè kò kọ́kọ́ gba ìwé rẹ̀, wọ́n mọ ohun tí àwọn ọmọ-ogun wọ̀nyí ń ṣe sí ilé olówó ẹrú. Wọ́n padà fọwọ́ sí i ní August 1893, Captain Bower sì kó àwọn ọmọ-ogun náà wọ ìlú. Ọdún 1863 tí Glover bẹ̀rẹ̀ ni Iléeṣẹ́ Ọmọ-ogun Nàìjíríà ń kà sí ọdún ìbí rẹ̀, olú ilé ẹgbẹ́ kejì rẹ̀ sì wà ní Òdògbó ní Òjòó, níbi tí kò jìnnà sí Àgbọ̀wọ́.

Àwọn lẹ́tà tí ìjọba Èkó ń kọ ránṣẹ́ sí London láyé ìgbà náà wà ní Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Àgbọ̀wọ́ tí ẹ ń gba ẹ̀bá rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, ẹ yà síbẹ̀, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí, kí ẹ sì ka ti Ẹ̀gbá tì í.